Ta ló yẹ kó sọ̀rọ̀, ta ló yẹ kó ṣọ́ yàrá? Ìdáhùn fún àwọn tó ń ṣètò àpérò akọ̀ròyìn akẹ́kọ̀ọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn akẹ́kọ̀ọ́ kan. A fẹ́ ṣe àpérò ọlọ́jọ́ méjì fún nǹkan bí igba akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, rédíò àti ìkànnì ayélujára nílé ìwé wọn. Oṣù mẹ́rin ló kù. A ti kọ orúkọ àwọn gbajúmọ̀ oníròyìn tí a fẹ́ pè sílẹ̀, ṣùgbọ́n a ò mọ iye òṣìṣẹ́ tí a nílò, a ò sì mọ bí a ṣe máa pín iṣẹ́ fún wọn. Kí ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe? Kí ló sì sábà máa ń bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìmúra. Ẹ gbé ìwé orúkọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Orúkọ kọ́ ni irú àpérò yìí fi ń bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ni. Ẹ mú bébà mìíràn, kí ẹ kọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe nígbà tó bá padà dé ọ́fíìsì ìwé ìròyìn rẹ̀. Kó lè béèrè ìbéèrè tí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" kò lè dáhùn. Kó lè ka ìwé ìṣúná ilé ìwé, kó sì rí ibi tí ìròyìn fara pamọ́ sí nínú rẹ̀. Kó lè ya àwòrán tó mọ́ nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò tó. Kó mọ ìgbà tó tọ́ láti fi orúkọ ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ pamọ́, àti ìgbà tí kò tọ́. Kó lè mọ̀ bóyá fọ́tò tó ń jà ràn-ìn lórí ayélujára jẹ́ ti ọjọ́ tí wọ́n ní ó jẹ́, tàbí ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Tí ẹ bá ti kọ bíi méjìlá sílẹ̀, ìgbà náà lẹ tó lè béèrè pé: ta ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí, tó sì lè kọ́ ẹlòmíràn?

Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn gbajúmọ̀ yín kò ní bọ́ sí àyè kankan nínú ìwé tuntun yìí. Kì í ṣe pé wọn ò dára. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé gbajúmọ̀ á dé, á sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 50, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á bá a ya fọ́tò, á sì lọ. Ẹ wo ìwé àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn náà, òfìfo ni. Àyè gbajúmọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣíde: ìṣẹ́jú 30 fún ọ̀rọ̀, 15 fún ìbéèrè, ó tán. Ọ̀kan lọ́jọ́ kìíní, ọ̀kan lọ́jọ́ kejì.

Fún àwọn yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà lẹ ń wá. Olóòtú tó ń tún ìròyìn àwọn ẹlòmíràn ṣe lójoojúmọ́ lè kọ́ni ju akọ̀ròyìn tí orúkọ rẹ̀ wà lójú ewé àkọ́kọ́ lọ, torí ó ti rí àṣìṣe oríṣiríṣi, ó sì mọ ohun tó ń fà á. Ẹni tó kúrò nílé ìwé ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn ṣì rántí bí èèyàn ṣe ń ṣe ìwé ìròyìn láìsí owó, tí ọ̀gá ilé ìwé sì ń wò ó láwòyọjú. Akẹ́kọ̀ọ́ olóòtú tí ìwé ìròyìn rẹ̀ ń jáde déédéé náà lè darí yàrá kan nípa bí a ṣe ń pín iṣẹ́ láàrin àwọn tí kò gbowó oṣù. Ẹ má fojú kéré rẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ máa bi ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fẹ́ pè, lórí fóònù, kí ẹ tó kọ lẹ́tà: "Kí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ọwọ́ ara wọn ṣe nínú yàrá yín?" Ẹni tó bá ní "mo máa bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìrírí mi" yẹ fún ọ̀rọ̀ ìṣíde tàbí ìjíròrò ẹlẹ́ni mẹ́ta. Ẹni tó bá ní "mo máa fún wọn ní ìwé ìpàdé ìgbìmọ̀ kan tó jẹ́ ojú ewé méjì, kí wọ́n wá ìròyìn mẹ́ta nínú rẹ̀", ẹ tètè di ẹni yẹn mú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú 50, ìṣẹ́jú 15 sì wà láàrin ọ̀kan sí èkejì. Ẹ má ṣe gé ìṣẹ́jú 15 yẹn kù sí 5. Inú rẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń rìn láti yàrá kan sí òmíràn, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń so kọ̀ǹpútà mọ́ pirójẹ́kítọ̀, inú rẹ̀ náà sì ni akẹ́kọ̀ọ́ tójú ń tì ti máa ń rí àyè béèrè ohun tí kò lè béèrè lójú gbogbo èèyàn. Ìpele, ìyẹn àkókò tí gbogbo yàrá jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, jẹ́ mẹ́ta lọ́jọ́ kìíní, méjì lọ́jọ́ kejì, nítorí àwọn kan ní ìrìn àjò láti rìn. Tí yàrá márùn-ún bá ń ṣiṣẹ́ pa pọ̀, àyè ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 25 lẹ ní.

Àwọn yàrá náà kò gbọ́dọ̀ rí bákan náà. Ẹ ya méjì sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, kí èèyàn má ju 25 lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi méjì sílẹ̀ fún èèyàn 40, kí ọ̀kan tó kù gba 70. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 200, ṣùgbọ́n èèyàn kì í pín ara wọn bí ìṣirò ṣe pín wọn, torí náà kí yàrá ńlá yẹn ní àga 100. Nítorí kí ni 25? Nínú ìṣẹ́jú 50, nǹkan bí 20 ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Èèyàn 25 tó ń ṣiṣẹ́ ní méjì-méjì jẹ́ ọ̀wọ́ 12 (ọ̀kan á ní ẹni mẹ́ta), olùdánilẹ́kọ̀ọ́ sì lè dúró ti ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Tí wọ́n bá di 40, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn kò ní rí i rárá. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ṣáájú kò pọn dandan fún yàrá yòókù, ṣùgbọ́n ó pọn dandan fún yàrá àfọwọ́ṣe méjèèjì, kí alábòójútó tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì ní ìgboyà láti sọ pé àyè ti kún.

Kì í ṣe olùbánisọ̀rọ̀ 25 ni àyè 25 túmọ̀ sí. Iṣẹ́ àfọwọ́ṣe márùn-ún, kí a ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ti gba àyè 10 pẹ̀lú èèyàn márùn-ún. Àyè 15 ló kù: méjì fún ìjíròrò, 13 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí èèyàn méje lè gbé, tí mẹ́fà nínú wọn bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi àwọn méjì tó máa sọ ọ̀rọ̀ ìṣíde kún un, àwọn méjì tó máa túpalẹ̀ ìwé ìròyìn (ìyẹn ni pé kí wọ́n yẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí), àti àwọn méjì tó máa wá fún ìjíròrò nìkan. Èèyàn 18 nìyẹn. Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní ìpele méjì tó tẹ̀ lé ara wọn. Ohùn á há, ọkàn á sì rẹ̀ ẹ́, àwọn ọmọ ìpele kejì ni yóò jìyà rẹ̀.

Ẹ fi àwọn adípò kún un: ẹnìkan fún olùbánisọ̀rọ̀ márùn-ún. Akọ̀ròyìn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè jí láàárọ̀ ọjọ́ àpérò yín kí ọ̀gá rẹ̀ rán an lọ síbi ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ẹ ò sì lè bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún adípò pé kó wá ka ìwé tí ẹlòmíràn kọ. Kí ó ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ tó ti múra sílẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ àkọlé tó wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn.

Lẹ́tà ìpè

Ọ̀sẹ̀ 12 ṣáájú ni kí lẹ́tà ti jáde; ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú ìyẹn lẹ ní láti fi ṣe bébà iṣẹ́ tí mo sọ lókè. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ mẹ́wàá láti dáhùn. Kí ètò ti dúró nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí ìlapa ẹ̀kọ́ dé ọwọ́ yín nígbà tó bá ku mẹ́rin, kí àwòrán ìgbéjáde dé nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì pè wọ́n lórí fóònù nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì. Ìpè tó kẹ́yìn yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò, òun náà sì ni a fi ń mọ ẹni tó ti gbàgbé.

Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́, wákàtí àti ìwọ̀n yàrá. Kó sọ irú ẹni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́, bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni tàbí wọ́n ti ń ṣe olóòtú. Kó sọ gbólóhùn kan nípa ohun tí wọ́n máa lè ṣe tí wọ́n bá jáde. Kó sọ ẹ̀rọ tó wà nínú yàrá. Kó sọ iye owó ọkọ̀ àti owó ìmoore, ọjọ́ tí ẹ máa san án, tàbí kó sọ ní gbangba pé kò sí owó. Kó béèrè bóyá wọ́n gbà kí a ká ohùn àti àwòrán wọn sílẹ̀. Kó sì béèrè bí a ṣe ń pe orúkọ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka á sínú fóònù fún yín.

Ohun kan wà tí lẹ́tà ìpè sí irú àpérò yìí gbọ́dọ̀ ní tí ti àpérò mìíràn lè máà ní. Àwọn tó jókòó níwájú olùbánisọ̀rọ̀ yìí, akọ̀ròyìn ni wọ́n. Ẹ kọ ọ́ kedere pé gbogbo ohun tí a bá sọ lórí pèpéle ṣeé tẹ̀ jáde, pé ẹni tó bá ní ohun tí kò fẹ́ kí wọ́n kọ, kó tètè sọ fún alákòóso, kó tó gun pèpéle. Tí ẹ ò bá kọ èyí, ẹnìkan á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan á gbé e sórí ayélujára kí ìpele náà tó parí, ìjà á bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì ní àwíjàre.

Àwọn aláṣẹ ńkọ́? Àwọn tí ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ìròyìn nípa wọn, ọ̀gá ilé ìwé, olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, aláṣẹ ìjọba, ẹ má fún wọn ní pèpéle lásán. Tí wọ́n bá máa wá, kó jẹ́ ìpàdé oníròyìn: ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún, ìbéèrè ìṣẹ́jú 40, kí ẹ má sì fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú. Ẹ̀kọ́ ńlá ni ìyẹn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ láti wá lórí àdéhùn yẹn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ pe ẹlòmíràn. Àwọn onígbọ̀wọ́ náà kò yàtọ̀: wọ́n lè ní tábìlì níwájú gbọ̀ngàn, orúkọ wọn lè wà lẹ́yìn ìwé ètò, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ètò pé ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọdé pé kí ìpolówó yàtọ̀ sí ìròyìn kò gbọdọ̀ da méjèèjì pọ̀ nínú ìwé ètò yín.

Nípa òfin, ẹ ṣọ́ra fún agbẹjọ́rò tó mọ òfin ibòmíràn. Kí ó jẹ́ ẹni tó mọ òfin ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ti ń tẹ ìwé jáde, kó sì mọ̀ ọ́n dé òpin. Ẹ wo Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ girama níbẹ̀ ní ẹjọ́ Tinker ti ọdún 1969 nìkan, níbi tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í bọ́ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ sílẹ̀ lẹ́nu géètì ilé ìwé, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Ní 1988, ẹjọ́ Hazelwood fún àwọn ọ̀gá ilé ìwé lágbára púpọ̀ lórí ìwé ìròyìn tí ilé ìwé fúnra rẹ̀ ń gbé jáde, lẹ́yìn náà ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣòfin tiwọn láti dá ẹ̀tọ́ padà fún akẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ ìdajì lè fi ìgboyà wọnú wàhálà tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àwọn tó ní àjọ bíi Student Press Law Center, tó ti ń ran akọ̀ròyìn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ nípa òfin láti 1974, ní ibi tí wọ́n ti lè béèrè. Ẹ̀yin náà, ẹ bi agbẹjọ́rò yín pé ta ni akẹ́kọ̀ọ́ lè pè ní alẹ́ ọjọ́ tí ilé ìwé bá gba ìwé ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ fún gbogbo wọn.

Bí ìṣẹ́jú 50 ṣe máa ń rí nígbà tó bá dára

Ẹ mú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, alábòójútó yàrá fi olùdánilẹ́kọ̀ọ́ hàn. Títí dé ìṣẹ́jú 12, olùdánilẹ́kọ̀ọ́ fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan tí kò dára, tí kò ju ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ lọ, sétí wọn, ó ní kí wọ́n ka iye ìgbà tí akọ̀ròyìn náà já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì tọ́ka sí ibi kan tí ìbéèrè méjì dà pọ̀ mọ́ra, tí ẹni náà fi dáhùn èyí tó rọrùn, tó sì fo èkejì. Láti 12 sí 26, wọ́n pín ní méjì-méjì: ìṣẹ́jú mẹ́fà fún ẹnìkan láti béèrè, mẹ́fà fún èkejì, àti díẹ̀ fún ìpààrọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà: lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn rẹ kó o tó béèrè òmíràn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí i pé ẹni tí a bá dákẹ́ fún á fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti 26 sí 36, kálukú kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ ìròyìn tó rí. Mẹ́ta nínú wọn kà á sókè, olùdánilẹ́kọ̀ọ́ sì tún un ṣe lójú gbogbo wọn títí dé 44. Ìbéèrè gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìwé àbá tí wọ́n ń kọ èrò wọn sí gba mẹ́ta tó kù.

Ẹ fi irú ìlapa yìí ránṣẹ́ sí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn mọ iṣẹ́ wọn dunjú ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ́ni. Inú wọn á dùn sí i.

Ìjíròrò: èèyàn mẹ́ta àti atọ́kùn, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú méje fún ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 21, ìṣẹ́jú 12 fún ìbéèrè atọ́kùn, 15 fún àwọn olùgbọ́, méjì fún ìfihàn: 50 pé. Bí wọ́n bá di márùn-ún, ìfihàn àti ìkíni nìkan á jẹ ìdá mẹ́rin àkókò. Kí atọ́kùn bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀rọ̀ pa pọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ó mọ ibi tí èrò wọn ti yàtọ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ olóòtú ló yẹ fún iṣẹ́ atọ́kùn yìí.

Àwọn òṣìṣẹ́

Fún èèyàn 200, òṣìṣẹ́ 24 ló tó, tí iṣẹ́ kálukú bá dá yàtọ̀. Olùdarí kan. Olóòtú ìwé ètò kan, òun nìkan ló lè fọwọ́ kan ìwé náà. Alákòóso àwọn olùbánisọ̀rọ̀ àti igbákejì rẹ̀. Akápò kan. Márùn-ún ní tábìlì ìforúkọsílẹ̀. Méje fún àwọn yàrá: ọ̀kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan, méjì láti gbà wọ́n sílẹ̀. Mẹ́ta fún ẹ̀rọ, ọ̀kan nínú gbọ̀ngàn ńlá láìkúrò, méjì tó ń rìn láti yàrá dé yàrá. Méjì fún ààbò àti ẹ̀sùn. Méjì tí kò ní iṣẹ́ kan pàtó ju pé kí wọ́n máa sáré lọ síbi tí nǹkan bá ti wọ́. Àwọn méjì yìí ni ìgbìmọ̀ máa ń yọ kúrò torí wọ́n dà bí ẹni tí kò níṣẹ́. Ẹ má yọ wọ́n.

Nítorí kí ni márùn-ún fi wà ní ìforúkọsílẹ̀? Tí ẹnì kan bá gba ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ láti sọ orúkọ, sanwó, gba káàdì àti ìwé ètò, èèyàn 200 gba ìṣẹ́jú 300. Nínú wákàtí kan, tábìlì márùn-ún nìyẹn. Tí gbogbo wọn bá ti sanwó ṣáájú, tí a ti to káàdì sílẹ̀ ní títẹ̀lé lẹ́tà orúkọ, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gba ìdajì ìṣẹ́jú, tábìlì méjì tó. Ẹ ti wá rí ibi tí ẹ ti lè dín òṣìṣẹ́ kù: nínú ìmúra ni. Ẹ fi ìṣòro sọ́dọ̀ tábìlì kan ṣoṣo tó yàtọ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kò gbọdọ̀ dá ìlà dúró. Ẹ tẹ orúkọ sí ojú méjèèjì káàdì náà torí ó máa ń yí, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi débi tí èèyàn á fi kà á láti mítà méjì, kí nọ́ńbà fóònù ààbò wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ lo àwọ̀ mẹ́rin: akẹ́kọ̀ọ́, olùbánisọ̀rọ̀, òṣìṣẹ́, àwọn tó ń kọ ìròyìn àpérò.

Alábòójútó yàrá ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ yàn jù. Àpérò á dùn tàbí kò ní dùn lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó wọ yàrá ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú. Kí ó wo máìkì, kí ó ṣí àwòrán ìgbéjáde, kí ó gbé omi sórí tábìlì. Kí ó ka ìfihàn tí kò ju ọ̀rọ̀ 40 lọ, tí olùbánisọ̀rọ̀ ti fọwọ́ sí. Kí ó jókòó ní ìlà iwájú pẹ̀lú káàdì mẹ́ta tí a kọ 10, 5 àti 1 sí gàdàgbà, kí ó gbé e sókè bí àkókò ṣe ń lọ, kí ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí àkókò bá pé. Dídúró yẹn ṣe pàtàkì. Kò sí ẹni tó máa ń bínú sí i, olùbánisọ̀rọ̀ á kàn rí i pé ó tó. Ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, kí ó ka iye èèyàn tó wà nínú yàrá, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ẹnìkan bá gba máìkì tó ń sọ̀rọ̀ dípò kó béèrè, kí ó rọra sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìbéèrè yín?"

Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ rin ilé náà já pa pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn, kí wọ́n tan iná, kí wọ́n mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà àti ẹni tó ni ín. Kí ẹnikẹ́ni má ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ láìsinmi, kí kálukú sì ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, ó kéré tán, tó jókòó gbọ́. Akọ̀ròyìn akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn náà. Ẹ̀yin mẹ́ta péré ni kí ẹ ní àṣẹ láti yí ètò padà: olùdarí, olóòtú ìwé ètò, alákòóso olùbánisọ̀rọ̀. Tí òṣìṣẹ́ kan bá pààrọ̀ yàrá nítorí àánú, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, èèyàn 40 á dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò tọ́.

Ẹ̀rọ: kọ̀ǹpútà kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ìgbéjáde ti wà lórí rẹ̀, kí ó sì wà lórí USB kan lọ́wọ́ olórí ẹ̀rọ, ní PDF pẹ̀lú fáìlì tirẹ̀ gan-an. Ẹ gba fídíò sílẹ̀ ṣáájú. Íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn 200 ń lò pa pọ̀ kò ní gbé e. Tí ẹ bá jẹ́ kí olùbánisọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan máa so kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ìṣẹ́jú méje á ti lọ kó tó sọ̀rọ̀. Okùn HDMI, àsopọ̀ USB-C, bátìrì máìkì tuntun fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó ń kọ ìròyìn àpérò náà

Ẹ yan èèyàn mẹ́fà lọ́tọ̀: akọ̀ròyìn méjì, afọ́tò méjì, ẹni tó ń bójú tó ìkànnì ayélujára, àti olóòtú wọn. Wọn kò sí lára àwọn 24. Ẹni tó ń ṣọ́ yàrá kò lè kọ ìròyìn nípa yàrá náà. Olùdarí àpérò kò sì gbọdọ̀ ka ìròyìn wọn kó tó jáde, ì báà jẹ́ pé ìlà ìforúkọsílẹ̀ gùn ni wọ́n fẹ́ kọ. Ó lè dunni díẹ̀, ṣùgbọ́n tí a bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní òmìnira nínú yàrá kẹta, tí a sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nínú yàrá kẹrin, òun náà rí wa.

Ìtúpalẹ̀ ìwé ìròyìn

Ìyẹn ni pé kí ọ̀wọ́ kan gbé iṣẹ́ wọn jókòó níwájú ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ó sọ ohun tó rí. Nínú àpérò ńlá tí ẹgbẹ́ ìwé ìròyìn ilé ìwé, National Scholastic Press Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1921, àti ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ìròyìn, Journalism Education Association, jọ ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, irú ìtúpalẹ̀ ojúkojú yìí wà lára ohun tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú 30, kí atúpalẹ̀ kan má ṣe ju mẹ́fà lọ lóòjọ́. Ẹ fi ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta ránṣẹ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Atúpalẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìwé ìròyìn náà níwájú wọn á fi gbogbo àkókò tọ́ka sí àṣìṣe lẹ́tà, èyí tí ọ̀rẹ́ wọn náà lè ṣe. Ohun tó yẹ kó sọ ni ìròyìn tí wọ́n fò, ẹni tí wọn kò bá sọ̀rọ̀, àwòrán tó yẹ kó tóbi. Kó parí pẹ̀lú ohun mẹ́ta tí wọ́n lè ṣe nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀.

Inú gbọ̀ngàn gbangba ni kí tábìlì ìtúpalẹ̀ wà, kì í ṣe yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Òfin kan náà ló bá gbogbo olùbánisọ̀rọ̀: kò sí àgbà kan tó gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo níbi tí ẹlòmíràn kò lè rí wọn, kò sì sí ìpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìpè. Tí àwọn ọmọ tí kò tíì pé 18 bá wà níbẹ̀, kí olùkọ́ kan wà fún ọmọ mẹ́wàá. Kí àwọn méjì tó ń gba ẹ̀sùn jẹ́ obìnrin kan àti ọkùnrin kan, kí gbogbo èèyàn rí ojú wọn lórí pèpéle láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, kí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn méjì náà lè ní kí olùbánisọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀ láìdúró de ìpàdé ìgbìmọ̀.

Owó àti ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀

Akọ̀ròyìn tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ kan láti wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ fi owó ọkọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó gbéra, ẹ má ní kó ná an ná kó wá mú rìsíìtì wá. Kí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà gba iye kan náà, torí wọ́n á bi ara wọn léèrè. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òkìkí tó máa rí ló jẹ́ owó rẹ̀.

Ìwé àbá kò gbọdọ̀ ju ìbéèrè mẹ́rin lọ, lórí ìdajì bébà: Kí lo máa ṣe lọ́nà mìíràn báyìí? Kí ni kò yé ọ? Ṣé ó yára jù, àbí ó falẹ̀ jù? Ṣé wàá tún wá gbọ́ ẹni yìí? Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó jáde nínú yàrá. Èyí tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí fóònù wọn lọ́jọ́ kejì, díẹ̀ ló máa padà. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ sí olùbánisọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: iye èèyàn tó wà nínú yàrá rẹ̀, ohun méjì tí wọ́n yìn, ohun kan tí kò yé wọn. Ẹ wá kó ìlapa ẹ̀kọ́, lẹ́tà, iye èèyàn yàrá kọ̀ọ̀kan àti ìwé ìnáwó sínú fódà kan tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, kì í ṣe inú fóònù ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn tó máa gba ipò yín lè máà mọ yín lójú.